Ọkọ̀ kan ṣoṣo fún ẹni tó ń dá Elite Dangerous ṣe: Python ni, Krait ni, àbí Asp?

Àyìndé_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́bọ̀, 10:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fi owó mi ṣòfò.

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń ṣe Elite Dangerous, géèmù tí a ti ń wa ọkọ̀ òfuurufú láàárín àwọn ìràwọ̀. Solo, níbi tí èèyàn ti ń dá ṣeré, ni mo máa ń wọ̀, n kì í wọ Open tí gbogbo òṣèré ti ń pàdé. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, ó máa ń di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí n tó délé, wákàtí méjì péré ló sì máa ń kù kí oorun tó gbé mi. N kò lè fi wákàtí méjì yẹn sá kiri fún àwọn tó ń pa èèyàn ṣeré ní Open. Ọ̀rẹ́ tí a jọ bẹ̀rẹ̀ náà ti fi géèmù yìí sílẹ̀, ó wá ku èmi nìkan.

Cobra Mk III ni mò ń wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó yá nílẹ̀, ó sì ti yọ mí nínú ewu lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ó ti kéré jù. Tọ́ọ̀nù 100, tọ́ọ̀nù 150 ni wọ́n ń bẹ̀ mí kí n bá wọn gbé báyìí, tèmi kò sì lè gba ju bíi 40 lọ. Lóṣù tó kọjá mo ra Type-6, mo kó palladium kún inú rẹ̀ dé ẹnu. N kò tíì débì kankan tí dánàdánà kan fi fà mí bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ti fọ́ yángá. Mo san owó ìràpadà, wọ́n dá ọkọ̀ padà fún mi, ṣùgbọ́n ẹrù náà ti lọ nìyẹn. Inú bí mi débi pé mo ta Type-6 náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mílíọ̀nù 62 owó inú géèmù ló wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ ọkọ̀ kan tó lè kó ẹrù tó nítumọ̀, tó lè kojú àwọn dánàdánà wọ̀nyẹn kí n gbẹ̀san, tí mo sì lè gbé lọ sí Colonia, agbègbè tó jìnnà réré yẹn, lọ́jọ́ kan. Python jẹ́ mílíọ̀nù 57, Krait Mk II jẹ́ bíi 46, Asp Explorer ò tó 7. Èwo ni kí n mú?

Ọmọ_Òjòó · Ọjọ́bọ̀, 10:59 alẹ́

Python. Má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹrù 292 tọ́ọ̀nù, ìbọn ńlá mẹ́ta, alábọ́dé méjì, ó sì ń balẹ̀ sí páàdì (ibi ìbalẹ̀) alábọ́dé. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń wà á.

Ìyá_Tọ́lá_Àkóbọ̀ · Ọjọ́bọ̀, 11:26 alẹ́

Àbúrò mi Àyìndé, dúró ná. Má tíì sanwó.

Ọmọ Òjòó ò parọ́ nípa Python, ṣùgbọ́n kò bá ọ ṣírò owó. Yọ 57 kúrò nínú 62, márùn-ún ló kù. Ara ọkọ̀ lásán lo sì rà yẹn o. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò jẹ́ ìpele E, èyí tó burú jù: ẹ́ńjìnnì E, asà E, ẹ̀rọ ìfò E. Kò ní lè fò jìnnà, kò ní lè yí, bí ẹnikẹ́ni bá sì yìnbọn sí i, kò ní pẹ́ tí asà rẹ̀ á fi já. Owó tí o máa fi tún inú rẹ̀ ṣe kó tó di ọkọ̀ tí Ọmọ Òjòó ń wà yẹn lè ju owó tí o fi ra ara rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó ìràpadà. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye gbogbo ọkọ̀ àti ohun inú rẹ̀ ni. Python tí o kò fi nǹkan kan kún, ó ti lé ní mílíọ̀nù 2.8 nìyẹn. Bí o bá tún un ṣe tó fi di 120, mílíọ̀nù mẹ́fà ni o máa san nígbàkígbà tó bá fọ́. Bí o kò bá ní i lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, tí ẹ̀yáwó díẹ̀ tí wọ́n ń fún ni náà ò sì tó o, ọkọ̀ lọ, inú Sidewinder lo máa bá ara rẹ bíi ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo. Orí Xbox ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Frontier tó ni géèmù yìí kéde ní oṣù kẹta 2022 pé àwọn ò ní fi nǹkan tuntun kún ti kọ́ńsó mọ́, mo kó ohun ìní mi wá sórí kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn pé géèmù á wá dán ju ti tẹ́lẹ̀, mo kó gbogbo owó mi, mo ra Python. Ọjọ́ kẹta, mo sáré wọ ibùdókọ̀ kan, mo fi imú ọkọ̀ gún ẹnu ọ̀nà, mo dúró pa síbẹ̀ nínú ihò yẹn títí ibùdókọ̀ fi yìnbọn lù mí. Kò sí owó ìràpadà lọ́wọ́ mi. Mo jókòó, mo ń wo ojú ẹ̀rọ, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ló lọ bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Má ṣe wa ọkọ̀ tí o kò lè rà padà lẹ́ẹ̀mẹta, ó kéré tán. Asp Explorer ni tìrẹ báyìí.

Mo tún rántí o: 292 tí wọ́n ń sọ yẹn, bí ọkọ̀ ò bá ní asà rárá ni. Bí o bá fi asà sí àyè tí títóbi rẹ̀ jẹ́ 5, ó di 260. Bí o bá tún fi ohun tó ń bu epo sí i, ó tún ń dín kù.

Adígún_Sángo · Ọjọ́bọ̀, 11:51 alẹ́

Ìyá Tọ́lá, ẹ kú ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n Àyìndé ní òun fẹ́ gbẹ̀san lára dánàdánà, Asp ò sì mọ̀ ọ́n jà. Ìbọn alábọ́dé méjì àti wẹ́wẹ́ mẹ́rin ló ní, wọ́n sì fọ́n wọn ká sára rẹ̀ débi pé ojú kan ni ìbọn ń lọ, ojú kan ni ọ̀tá wà.

Krait Mk II ni kí o rà. Ìbọn rẹ̀ àti ti Python dọ́gba, ńlá mẹ́ta, alábọ́dé méjì. Ó yá ju Python lọ, ó sì ń yí dáadáa. Ẹrù rẹ̀ lè tó 220 bí o bá kó gbogbo àyè lé ẹrù. Ohun tó wá mú kí n fẹ́ ẹ ni pé o lè fi ọkọ̀ ogun kékeré sínú ikùn rẹ̀, kí o gba awakọ̀ kan sẹ́nu iṣẹ́ tí yóò máa wà á. Ẹni tó ń dá ṣeré kò dá wà mọ́ nìyẹn.

Ní alẹ́ Sátidé tó lọ, mo wà nínú òrùka pílánẹ́ẹ̀tì kan níbi tí àwọn awakùsà ń wa òkúta. Anaconda kan tí wọ́n fi owó sí lórí dé, ó tó ìlọ́po mẹ́ta ọkọ̀ mi. Mo rán awakọ̀ mi jáde nínú ọkọ̀ kékeré náà. Ó yípo Anaconda náà bí eṣinṣin, ó ń ta á ní ìbọn wẹ́wẹ́, ọkọ̀ ńlá yẹn bínú yí sí i. Bó ṣe yí ẹ̀yìn sí mi báyìí ni mo pa gbogbo agbára dà sínú ìbọn. Asà rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní búlúù lẹ́ẹ̀kan, ó fọ́, mo wá dojú ìbọn kọ power plant rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fún un lágbára. Ó dùn mọ́ mi nínú, ẹ má bi mí.

Ẹ gbọ́, 62 yọ 46, 16 ló kù. Ó tó láti fi ìpele D àti C bẹ̀rẹ̀.

Ìyá_Tọ́lá_Àkóbọ̀ · Ọjọ́bọ̀, 11:58 alẹ́

Adígún, o ò sọ fún un pé awakọ̀ tó gbà yẹn ń mú nínú gbogbo owó tó bá wọlé, ì báà jókòó sílé ní ibùdókọ̀. Bí ó bá sì ti mọṣẹ́ sí i ni ohun tó ń mú ń pọ̀ sí i.

Adígún_Sángo · Ọjọ́ Ẹtì, 12:04 òru

Òótọ́ ni, ẹ ṣeun. Àyìndé, lọ́jọ́ tí o bá ń lọ ta ìròyìn àwọn ìràwọ̀ tí o ti rìn dé, tó sì tówó, o lè kọ́kọ́ dá awakọ̀ náà dúró. Ṣùgbọ́n gbogbo ìmọ̀ iṣẹ́ tó ti kọ́ lọ́dọ̀ rẹ á bá a lọ. Èmi kì í dá tèmi dúró.

Àyìndé_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ẹtì, 7:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń wo Krait báyìí. Ìbéèrè méjì: ṣé Krait lè balẹ̀ sí àwọn ibùdókọ̀ kéékèèké tí wọn kò ní páàdì ńlá? Àti pé ṣé ó lè dé Colonia lóòótọ́, àbí ó kàn máa dá mi lágara?

Ọmọ_Òjòó · Ọjọ́ Ẹtì, 7:40 àárọ̀

Ó lè balẹ̀. Alábọ́dé ni Krait, Python àti Asp. Anaconda, Type-9, Federal Corvette àti Imperial Cutter ló ń fẹ́ páàdì ńlá. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ra Anaconda títí di òní. Iṣẹ́ tó lówó lórí máa ń pọ̀ ní àwọn ibùdó kéékèèké yẹn, o ò sì ní lè wọ ibẹ̀.

Arìnrìnàjò_Apẹtẹ · Ọjọ́ Ẹtì, 1:20 ọ̀sán

Mo dá sí i nítorí Colonia. Mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti dé Sagittarius A* ní àárín gbùngbùn ìràwọ̀ gbogbo.

Àyìndé, Colonia jìnnà ní nǹkan bíi 22,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan ni ọ̀kan) sí ibi tí a wà. Pín in sí iye tí ọkọ̀ rẹ lè fò lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ bá ń fò 20, ó lé ní 1,100 ìgbà tí o máa fò. Bí ó bá ń fò 50, bíi 440 ni. Pẹ̀lú wákàtí méjì lálẹ́, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kúrò ní kékeré. Nítorí náà, iye tó ń fò ni kí o kọ́kọ́ wò, kí o tó wo ìbọn.

Asp ni mo kọ́kọ́ gbé lọ. Ẹ̀rọ ìfò onípele 5A rẹ̀ (5 ni títóbi, A ló dára jù) jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún. Àwọn ohun yòókù, ìpele D ni kí o rà, nítorí pé D ló fúyẹ́ jù lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí, wọ́n á máa ra A fún gbogbo nǹkan, ọkọ̀ á wá wúwo bí tìpá oníyanrìn, kò ní lè fò. Lẹ́yìn náà, gbéra lọ bá Felicity Farseer, ẹlẹ́rọ inú géèmù, ní ìràwọ̀ Deciat. Meta-alloy kan, irú ẹrù kan báyìí, ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni kó tó báni ṣiṣẹ́, o sì gbọ́dọ̀ ti ta ìròyìn ìràwọ̀ tó pọ̀ díẹ̀ kí ó tó pè ọ́. Ó máa tún ẹ̀rọ ìfò rẹ ṣe kó lè fò jìnnà sí i. Bí o bá tún lè wá Guardian FSD Booster, ó ń fi ọdún ìmọ́lẹ̀ 10.5 kún iye tí ọkọ̀ ń fò lẹ́ẹ̀kan bó bá jẹ́ onípele 5.

Ọ̀rọ̀ epo wá ni kí o gbọ́ dáadáa. Fuel scoop ló ń bu epo lára ìràwọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìràwọ̀ ló ní epo tí a lè bù. Àwọn irú tí wọ́n ń pè ní K, G, B, F, O, A àti M ló ní in. L, T àti Y kò ní. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, mo ń fò láìwo nǹkan kan, mo ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí mo ṣe gbójú sókè, iwájú ìràwọ̀ T kan ni mo wà, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀yinná tó ń kú lọ, epo mi sì ti tán. Gbogbo iná inú ọkọ̀ kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku èémí mi nìkan tí mò ń gbọ́ nínú àṣíborí, àti aago afẹ́fẹ́ tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn.

Àwọn Fuel Rats ló yọ mí. Àwọn òṣèré bíi tiwa ni, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń gbé epo lọ bá ẹni tó há sọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń lo Solo, ẹ gbọ́: wọn kò lè rí yín ní Solo. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé kí n jáde kíá sí ojú ìwé àkọ́kọ́ géèmù, nítorí pé aago afẹ́fẹ́ kì í ka bí èèyàn bá ti jáde, kí n dúró síbẹ̀ títí ẹni tó ń bọ̀ fi súnmọ́ tòsí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wọlé ní Open. Ó dé láàárín wákàtí kan. Ó jìnnà gan-an sí mi, kò mọ̀ mí rí, kò sì gba kọ́bọ̀. N kò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Má ṣe ra fuel scoop 6A fún Asp o. Bíi mílíọ̀nù 28.7 ni, ó ju Asp mẹ́rin lọ. 6B tó jẹ́ bíi 7 ti tó.

Ṣeun_Bódìjà · Ọjọ́ Ẹtì, 2:05 ọ̀sán

Ẹ̀yin àgbà, ọkọ̀ 2014 àti 2018 lẹ ń sọ. Láti 2024 ni wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ tuntun jáde. Mandalay wà, òun ni kí ẹni tó fẹ́ rìn jìnnà rà, alábọ́dé ni, ó ń fò ju Asp lọ. Cobra Mk V náà wà, páàdì kékeré ló ń balẹ̀ sí, ó sì ń jà ju Mk III lọ fíìfíì. Wọ́n ṣe wọ́n fún ẹ̀rọ ìfò tuntun tí wọ́n ń pè ní SCO, tó ń jẹ́ kí o sáré láàárín ìràwọ̀ àti ibùdókọ̀. Ibùdókọ̀ tó jìnnà, tí èèyàn á jókòó tì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú bíi kan báyìí.

Ẹni tó ní wákàtí méjì lálẹ́, kò yẹ kó jókòó wo òfuurufú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọmọ_Òjòó · Ọjọ́ Ẹtì, 2:30 ọ̀sán

Ṣé kì í ṣe owó gidi ni wọ́n fi ń ra ìyẹn? N kò lè fi náírà mi ra ọkọ̀ inú géèmù ní iye tí dọ́là wà yìí.

Ṣeun_Bódìjà · Ọjọ́ Ẹtì, 2:38 ọ̀sán

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde, ARX ni wọ́n fi ń tà á fún oṣù bíi mẹ́ta, owó gidi nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó máa ń bọ́ sí owó inú géèmù. Méjèèjì tí mo dárúkọ ti bọ́ sí i. Ẹni tó bá ní sùúrù kò ní san nǹkan kan.

SCO ń mu epo o, mo gbàgbé. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, inú ọkọ̀ á gbóná, epo á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lórí ọkọ̀ àtijọ́, ó tún máa ń gbọ̀n, ó sì ṣòro láti darí.

Arìnrìnàjò_Apẹtẹ · Ọjọ́ Ẹtì, 2:55 ọ̀sán

Ṣeun gbà lórí Mandalay. Bí owó rẹ̀ bá ká a, kí ó rà á dípò Asp. Asp ni mo sọ nítorí pé kò gbọ́dọ̀ ná gbogbo owó rẹ̀.

Ẹlẹ́tíríìkì_Mólété · Ọjọ́ Ẹtì, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀kan ò tíì bi í léèrè bóyá ó ní ínfátà. Ọ̀rọ̀ iná ló yẹ kó kọ́kọ́ pinnu ọkọ̀ ní Ìbàdàn yìí.

Solo náà nílò íntánẹ́ẹ̀tì o, géèmù yìí kì í ṣiṣẹ́ láìsí i. Bí iná bá lọ nígbà tí o ń jà, géèmù á já, ọkọ̀ rẹ á kúrò níbẹ̀, bí o bá sì padà wọlé, wàá bá ara rẹ nítòsí ibi tí o wà, ẹni tí ò ń bá jà á ti lọ. Owó orí dánàdánà tí o ti pa tẹ́lẹ̀ kò sọnù. Nítorí náà ìjà kì í ṣe ewu fún ẹni tí iná ń lọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibi tí ewu wà ni ìbalẹ̀. Iná lọ lọ́dọ̀ mi nígbà tí mò ń gbé ọkọ̀ bọ̀ sórí pílánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ ṣì gbé e fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan nítorí bátìrì láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n mónítọ̀ ti kú. Mo fi ojú inú balẹ̀. Asà lọ, ọkọ̀ ò fọ́.

Ra UPS kékeré fún ẹ̀rọ Wi-Fi rẹ, èyí tí wọ́n fi ń gbé 12V. Ó pọ̀ ní àdúgbò àwọn oníkọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù lo ń lò, ó ní bátìrì tẹ́lẹ̀, Wi-Fi ló máa ń kú. Láti ìgbà tí mo ti rà á, mo ń ní àyè láti gbé ọkọ̀ balẹ̀ kí n tó lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Àti pé bí o bá fẹ́ jáde fúnra rẹ nígbà tí ewu wà, géèmù á ní kí o dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Mọ̀ ọ́n sọ́kàn.

Ìyá_Tọ́lá_Àkóbọ̀ · Ọjọ́ Ẹtì, 9:10 alẹ́

Ẹ̀yin ará, mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti òwúrọ̀, mo sì rí i pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń da Àyìndé láàmú. Ta ló ní kó ta Cobra? Micra tó ń ná Dùgbẹ̀ sí Challenge, ẹni tó ni ín kò retí pé kó lọ kó iṣu wá láti Sakí. Mọ́tò mìíràn ló ń lọ kó iṣu. Nínú géèmù yìí, kò sí ẹni tó ń gba owó ibùdókọ̀ lọ́wọ́ rẹ fún ọkọ̀ tí o gbé kalẹ̀. Fi Cobra jà. Fi Asp rìn, kí o sì fi kó ẹrù díẹ̀ díẹ̀. Tí o bá rìn dáadáa, owó Krait á jáde níbẹ̀.

Ṣé o ní Odyssey, àfikún géèmù tó ń jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn?

Àyìndé_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ẹtì, 9:22 alẹ́

Mo ní in, Ìyá Tọ́lá. Mo rà á nígbà tí owó rẹ̀ wálẹ̀. N kò tíì lò ó rárá, mo kàn sọ̀ kalẹ̀ rìn nínú ibùdókọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni.

Ìyá_Tọ́lá_Àkóbọ̀ · Ọjọ́ Ẹtì, 9:41 alẹ́

Ó parí nìyẹn. Ohun abẹ̀mí ni kí o lọ máa wá. Ra aṣọ Artemis, gbé Asp jáde kúrò ní àárín ìlú, bíi 1,000 sí 2,000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Wá pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ pé irin inú rẹ̀ pọ̀, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ẹ̀rọ sì sọ pé nǹkan abẹ̀mí wà lórí rẹ̀. Stratum Tectonicas ni kí o máa gbàdúrà kí o rí. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan tẹ́ ẹní sílẹ̀ lórí òkúta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wàá gba àpẹẹrẹ rẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkejì ní mítà 500. Mílíọ̀nù 19 ni Vista Genomics, ilé iṣẹ́ inú géèmù tó ń rà á, ń san lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọ ọ́ sílẹ̀, ìlọ́po márùn-ún ni, bíi 95.

Ṣùgbọ́n bí o bá kú kí o tó ta á, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà bí o ti ń bọ̀.

Ọmọ_Òjòó · Ọjọ́ Ẹtì, 10:02 alẹ́

Mo fara mọ́ Ìyá Tọ́lá lórí owó. Lórí Python, mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbà wá láyè ní 2025 láti máa kọ́ ìlú tiwa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù irin àti ohun ìkọ́lé ni à ń kó, 220 Krait ò tó. Bí ẹrù nìkan bá sì lo fẹ́, Type-8 ń gba bíi 400 lórí páàdì alábọ́dé, ó ju Python gan-an lọ. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n jà. Python nìkan ló mọ méjèèjì.

Àyìndé, gbọ́ èyí nítorí Type-6 rẹ. Bí wọ́n bá ń fà ọ́ bọ́ sílẹ̀, má bá wọn jìjàdù tí ọkọ̀ rẹ bá wúwo. Dín ìsáré kù sí òdo, gbà fún wọn. Ẹ̀rọ ìfò rẹ á tètè ṣetán bí o bá gbà. Gbàrà tí o bá bọ́ sílẹ̀, kó agbára sínú ẹ́ńjìnnì àti asà, sáré gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, kí o sì fò lọ sí ìràwọ̀ MÌÍRÀN. Bí o bá fẹ́ sáré lọ nínú ìràwọ̀ kan náà, ọkọ̀ wọn tó bá tóbi ju tìrẹ lọ á mú kí ẹ̀rọ ìfò rẹ pẹ́ gan-an kó tó ṣetán. Bó bá jẹ́ ìràwọ̀ mìíràn, wọn kò lè fà á sẹ́yìn.

Àyìndé_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ẹtì, 10:30 alẹ́

Mo ti pinnu. Asp ni mo rà lónìí, Cobra wà nílé. Mo fi 5A àti fuel scoop 6B sí i, mo ṣì ní mílíọ̀nù 42 lọ́wọ́. Mo máa jábọ̀ fún yín.

Àyìndé_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo dé.

Mo rìn dé bíi 2,000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Dígí iwájú Asp yẹn, ó tẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹni, èèyàn á máa wo ilẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì bí ìgbà tó jókòó sórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ n kò rí nǹkan kan tó lówó lórí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo rí Stratum náà lórí ẹ̀gbẹ́ òkè kan, ìdajì rẹ̀ wà nínú òjìji. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo rìn mítà 500 náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù ń bà mí pé iná á lọ. Mẹ́ta ni mo rí lápapọ̀, èmi ni mo sì kọ́kọ́ kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Nígbà tí mo tà wọ́n, ó lé ní mílíọ̀nù 280.

Dánàdánà kan fà mí bọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń padà bọ̀. Mo ṣe ohun tí Ọmọ Òjòó sọ gẹ́lẹ́, mo fò lọ sí ìràwọ̀ mìíràn. Asà mi ò ju ìdajì lọ nígbà tí mo lọ.

Lónìí mo ra Krait Mk II. Adígún, ìbọn wo ni kí n fi sí i? Jọ́yísítíìkì kọ́ ni mò ń lò o, kíbọ́ọ̀dù àti máúsì ni.

Adígún_Sángo · Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Kú oríire, arákùnrin! Àwọn ìbọn tó ń yí fúnra wọn ni kí o rà, gimballed, nítorí máúsì. Fi pulse laser sí àwọn ńlá mẹ́ta fún asà, multi-cannon sí àwọn alábọ́dé méjì fún ara ọkọ̀. Beam ń yára já asà ju pulse lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ agbára, má tíì rà á títí o fi ra power distributor A, ẹ̀rọ tó ń pín agbára.

Ìyá_Tọ́lá_Àkóbọ̀ · Ọjọ́ Àìkú, 8:52 alẹ́

Àyìndé, èló ni owó ìràpadà rẹ̀ báyìí?

Àyìndé_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Àìkú, 8:55 alẹ́

Mílíọ̀nù 5.3, Ìyá Tọ́lá. 200 àti díẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.